Ẹyẹ Tó Dá Ọnàjídé Dúró

Ẹ̀yin ọmọ Ìdúródẹyẹ, bí ìyá bàbá mi ti sọ ọ́ ni mo kọ ọ́. Mo bi agbo ilé mẹ́ta léèrè. Ibi tí Ọnàjídé ti wá nìkan ni wọn kò fẹnu kò lé lórí.

Ọnàjídé, Afọ̀bẹ-bági-sọ̀rọ̀, àrẹ̀mọ olórí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ohun tí bàbá rẹ̀ bá gbẹ́ náà ló ń gbẹ́. Bàbá wí fún un pé: "Lọ gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin wá kí iṣu tuntun tó jáde. Bí mo bá tún rí ọwọ́ ara mi lára rẹ̀, àbúrò rẹ ni yóò jogún àáké mi."

Òun àti aya rẹ̀, Àwẹ̀ró, tó lóyún, wọ igbó lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n tó rí igi apá kan tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ààfin. Ọnàjídé ti gbé àáké sókè kí Àwẹ̀ró tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Akọ ẹyẹ àtíòro kan ń ti èso bọ ihò tóóró lára igi náà. Ẹnu abo ń gbà á láti inú. Abo ti fi amọ̀ sé ara rẹ̀ mọ́bẹ̀, ó ń sàba.

Àwẹ̀ró ní, "Olówó orí mi, ilé ọlọ́mọ lẹ fẹ́ gé yẹn."

"Iṣu kò ní dúró dè mí, Àwẹ̀ró."

"Èmi náà kò ní pẹ́ bímọ. Ṣé oúnjẹ lẹ ó gbé wá fún mi bíi ti ẹyẹ yìí, àbí àáké?"

Ọnàjídé rẹ́rìn-ín, ó sọ àáké kalẹ̀, ó sì pàgọ́. Ẹ̀ka tó wó ló ń gbẹ́. Ó wo ẹnu àtíòro, ó gbẹ́ ẹ. Ó wo iṣan ara ewé àti ipa tí ìkán là sábẹ́ èèpo igi, ó gbẹ́ wọn. Nígbà mìíràn kò mọ ibi tí ọ̀bẹ ń lọ, ó sì ń tẹ̀ lé e.

Iṣu tuntun jáde, àáké bàbá di ti àbúrò. Àwọn àgbà kò fi pamọ́ pé Ọnàjídé sunkún. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ẹyẹ fọ́ amọ̀ jáde, Àwẹ̀ró sì bí obìnrin; ṣíbí igi tí Ọnàjídé gbẹ́ ló fi ń gbé oúnjẹ fún un bíi ti ẹyẹ náà. Wọn kò gé igi náà mọ́. Àwọn tó gbọ́ òkìkí ọnà rẹ̀ wá kọ́lé yí i ká, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní Ìdúródẹyẹ.

Ní ọdún kẹta, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ dé. Ó mú ṣíbí igi kan, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún.

"Ta ló gbẹ́ èyí? N kò mọ ọwọ́ yìí."

Ọnàjídé dọ̀bálẹ̀. Bàbá kò padà sílé mọ́.

Títí di òní, bí obìnrin bá bímọ nílùú yìí, ọjọ́ méje ni ọkọ rẹ̀ fi ń gbé oúnjẹ fún un lójú fèrèsé, pẹ̀lú ṣíbí igi tó gbẹ́ fúnra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ rà á, kò sì gbọdọ̀ wo ti ẹlòmíràn gbẹ́ ẹ. Èyí tí bàbá mi gbẹ́ wọ́ bí ìrù ajá. Ìyá mi kò fi òmíràn jẹun títí ó fi kú.