Ilé Ẹ̀kọ́ Abẹ́ Ọ̀dán

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ààlọ́ mi já pàó, ó já sí ilé ẹ̀kọ́ abẹ́ igi ọ̀dán.

Ẹ̀yin ọmọ, ilé ẹ̀kọ́ yẹn dùn! Ìyá mi àgbà ló sọ ọ́ fún mi, àárò ẹ̀ ṣì ń sọ mí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú ẹ̀kọ́ wá láti ilé bàbá ẹ̀, Ìyá Ìgbín, olùkọ́ wọn, á ní kí gbogbo wọn kọ́ ọ. Ọmọ Òkété kọ́ wọn nílẹ̀ gbígbẹ́. Ọmọ Àdán kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ̀nà. Ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ wọn lórin òjò.

Ọba Ẹkùn ránṣẹ́: "Ẹ má kọ́ ọmọ mi nílẹ̀ gbígbẹ́ mọ́, ìdọ̀tí ni." Ìgbín fi í sílẹ̀. Ó tún ránṣẹ́: "Àdán ò ṣẹyẹ, kò ṣẹran. Ẹ yọ ẹ̀kọ́ ẹ̀ kúrò." Ìgbín yọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá fúnra ẹ̀: "Orin Ọ̀pọ̀lọ́ náà ń dí mi létí. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan-an, lé wọn!"

"Kábíyèsí, n ò lè lé ọmọ kankan."

"Ìwọ tó ń wọ́ nílẹ̀ yìí?"

"Mò ń wọ́ nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọmọ yín ń tẹ̀ lé mi."

Ẹkùn bú ramúramù, ó lé wọn fúnra ẹ̀. Ìgbín dárin. Ẹ gbè é:

Ọba lé ọmọ Òkété,
Àwa náà ńkọ́?
Ọba lé ọmọ Àdán,
Àwa náà ńkọ́?
Ọba lé ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́,
Àwa náà ńkọ́?

Ohùn kan ga ju tìyókù lọ. Ọmọ Ẹkùn ni! Ó ká ẹní ẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n lé. Gbogbo ọmọ tẹ̀ lé e, Ìgbín náà wọ́ tẹ̀ lé wọn. Ó wá ku Ẹkùn nìkan lábẹ́ igi.

"Ẹ padà wá o."

"Tàwa tẹ̀kọ́ wa?" lọmọ ẹ̀ bi í.

"Tẹ̀yin tẹ̀kọ́ yín."

Bí mo bá purọ́, ẹ má gbè mí mọ́. Ibi tí wọ́n bá ti lé ọmọ kan, wọn ò kọ́ ọmọ kankan níbẹ̀.