Òjìji Kì í Bá Ni Ṣọ́lé

Òjìji kì í bá ni ṣọ́lé. Òwe yìí ti mọ́ yín lẹ́nu, àmọ́ ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sínú igbó. Inú kọ̀ǹpútà ló ti wá.

Ní ìlú Ajígbórò, ilé kan wà tí wọ́n ń kó ohùn àwọn àgbà pamọ́ sí. Tinúadé ni olùtọ́jú ibẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ńlá kan tó ń lo ètò ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Línúsì ni gbogbo ohùn náà wà, títí kan ẹkún ìyàwó tí ìyá rẹ̀ sun kó tó kú. Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, Tinúadé a máa dijú gbọ́ ọ, ara rẹ̀ a sì rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n.

Ẹ̀rù ń bà á pé ohùn náà lè sọnù. Ló bá wá ètò tí yóò máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kejì. Méjì ló rí. Ọ̀kan ń tọ́jú ẹ̀dà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kì í fọwọ́ kan ti àná, àmọ́ ó ń falẹ̀. Èkejì yá bí àṣá: ní wákàtí wákàtí, á mú kí kọ̀ǹpútà kejì rí gẹ́lẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Èyí tó yá ló wù ú.

Bàbá Láṣebìkan tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láìbi í léèrè.

"Ta lo fi sílé, ọmọ mi?"

"Kọ̀ǹpútà kejì ni, sà. Ohun tí àkọ́kọ́ bá ṣe lòun náà ń ṣe."

"Bí àkọ́kọ́ bá wá ṣìṣe ńkọ́?"

Tinúadé rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń pa àwọn fáìlì tí kò wúlò rẹ́, oorun sì ń kùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì, kò mọ̀. Ó sùn lọ, ó lálàá pé ìyá òun ń kọrin lódìkejì odò. Nígbà tó jí, ó fẹ́ gbọ́ ohùn náà. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó sáré lọ síbi kọ̀ǹpútà kejì. Òun náà ti pa á rẹ́.

Ó jáde sínú oòrùn, ó ń sunkún. Bàbá kò bi í léèrè lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn nawọ́ sí òjìji rẹ̀ nílẹ̀.

"Wò ó. O jáde, òun náà jáde. Òjìji kì í bá ni ṣọ́lé, ọmọ mi."

Tinúadé wá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò tó ń falẹ̀ náà. Ohùn ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi pamọ́ síbẹ̀, ó ń sun ìwọ̀nba tó rántí nínú ẹkún ìyàwó ìyá rẹ̀. Èyí tó gbàgbé nínú rẹ̀ kò padà wá mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó fọkàn tán kìkì àwọn tó ń ṣe bó ti ń ṣe, tí kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé "dúró ná", wọ́n á ní: òjìji kì í bá ni ṣọ́lé.