Okùn Àwẹ̀ró

Arọ ni Àwẹ̀ró ará Ìgbóòwú. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, ọwọ́ ló sì fi ń wọ́ ara rẹ̀ kiri ilé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kì í ṣe ọwọ́ lásán: aṣọ tó bá hun, ọmọ ẹni tó rà á yóò lò ó gbó. Ọdẹ́wálé àgbẹ̀ rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó gbé e níyàwó. Kò pẹ́ tí oyún fi dé.

Inú Àwẹ̀ró dùn ṣìnkìn, àfi àwọn ará ìlú tí kò jẹ́ kó gbádùn. Orí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin ti ń bímọ ní Ìgbóòwú. Ta ni yóò bá arọ kúnlẹ̀? Ìyá Ẹfúntọ́lá, àgbà agbẹ̀bí ìlú, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Ọmọ mi, mo ń wí fún ọ tẹ́lẹ̀, ogun ni ìrọbí. Ó ń pa ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le koko. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí.”

Àwẹ̀ró sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó nu ojú tán, ó béèrè pé, “Ìyá, ogun yìí, ṣé kì í sinmi ni?”

“Ó ń sinmi. Á dé, á gbóná, á tún dẹwọ́. Ẹni tí kò bá sinmi nígbà tó bá dẹwọ́ ló ń rẹ̀.”

“Ẹ ṣé, Ìyá. Mo ti gbọ́.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní kí ọkọ òun so okùn gbọọrọ mọ́ igi àjà. Ní àràárọ̀, á di okùn mú, á gbé ara rẹ̀ sókè, á sì tún rọra sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ẹfúntọ́lá wá wò ó, ó mi orí. “Má ṣe sé èémí mọ́nú. Máa tú u síta, bí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná.”

Àwọn aládùúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ wá wo arọ tó ń múra ogun!”

Àwẹ̀ró a ní, “Ẹ bá mi kí ogun náà o. Ẹ ní mò ń retí rẹ̀.”

Ọ̀sán gangan ni ó dé, nídìí aṣọ tó ń hun. Ìyá sáré wọlé, ó tẹ́ ẹní, ó ní kó dùbúlẹ̀.

“Rárá, Ìyá. Okùn mi ni kí ẹ nà sí mi.”

Bí ìrora bá ti gbéra, á rọ̀ mọ́ okùn, á máa fẹ́ atẹ́gùn. Bó bá dẹwọ́, á gbé orí lé itan Ìyá, á tòògbé. Ìrora náà kò kéré o. Ẹni tó bá ní ó kéré kò tíì bímọ rí. Nígbà tó yá, kò dẹwọ́ mọ́. Ọwọ́ Àwẹ̀ró ń yọ̀ lára okùn.

“Ìyá, mo kú o!”

“O ò kú! Ẹ̀kọ rẹ ló ń gbóná, fẹ́ atẹ́gùn sí i!”

Ó tún okùn gbá mú, ó tú èémí síta, ọmọ sì bọ́ sí ọwọ́ Ìyá, ó figbe ta.

Ìyá gbé ọmọ jáde sí àárín àwọn tó ti dúró láti wá sunkún. Omi ń dà lójú òun náà. “Ẹ wò ó! Èmi ni mo sọ ogun yìí tẹ́lẹ̀, arọ ló ṣẹ́gun!”

Ohùn Àwẹ̀ró dún láti inú ilé: “Ìyá, ẹ gbé ọmọ mi wọlé kí oòrùn má pa á!”

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ló sì kọ́kọ́ sáré lọ pọn omi ìwẹ̀ ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.