Tìróò Ojú Akọ̀wé

Opó kan wà ní ìlú Ìgbórò tí ó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Tìróò ni ó ń tà, òun náà ni ó sì ń lé e fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Kì í ṣe obìnrin tí a ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Bí ó bá ní kí o wo òkè, tí o lọ wo ilẹ̀, yóò gbá ọ lórúnkún, ì báà ṣe ìyàwó Baálẹ̀ ni ọ́. Á ní, "Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá lè dúró, kó lọ fi èédú para!" Kò mọ̀wé rárá. Bí ẹ bá kọ A gàgàrà sára ògiri, yóò ní àkàbà ni ẹ yà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ojú ènìyàn, Àwẹ̀ró ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó fẹ́ẹ̀ dá a lágara, ìyẹn ìyàwó olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin yìí a máa ka ìwé orin lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń lé tìróò fún un, ó ní òun kò ráyè. Lọ́jọ́ kan tìróò yà lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Inú bí Àwẹ̀ró, ó gbé igi tìróò sílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹyinjú rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe é. Ó rí i pé ojú tó ń kàwé kì í rọra rìn. Fífò ni ó ń fò. Á fò, á bà, á tún fò, bí ẹ̀gà tó ń ṣa ọkà. Nígbà mìíràn á padà sí ibi tó ti kọjá. Bó bá dé òpin ìlà, á sáré padà wá sí ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún ìyàwó olùkọ́, ẹ̀rín ni ìyẹn bú sí. Ó ní lójú tòun, ṣe ni ojú òun ń yọ́ lọ lórí ìlà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé olùkọ́ àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ó wá ku ẹnì kan péré tó mọ̀wé ní Ìgbórò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé Sámú.

Àwẹ̀ró bí ọmọ kan ṣoṣo, Àlàdé, tí ó lọ ṣiṣẹ́ ojú irin ní Òkè Ọya. Kí ó tó lọ, ó kọ́ ilé onípáànù kan fún ìyá rẹ̀. Ilé yìí kò jẹ́ kí Ṣàngótóyè, àbúrò ọkọ Àwẹ̀ró tó ti kú, sùn dáadáa. Ó ní kí ni opó ń fi páànù ṣe?

Ní Ìgbórò, wọn kì í ka lẹ́tà ní ìkọ̀kọ̀. Gbogbo ẹbí ni yóò péjọ láti gbọ́ ọ, kí ẹnì kankan má baà fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nítorí náà, nígbà tí lẹ́tà Àlàdé dé, wọ́n pe Akọ̀wé Sámú wá sí àgbàlá. Ó kọ́kọ́ fi ojú kà á ní ìdákẹ́jẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo Ṣàngótóyè, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè:

"Ìyá mi, mo ti fẹ́yàwó níhìn-ín, n kò ní padà wá mọ́. Kí Bàbá Ṣàngótóyè kó sínú ilé mi. Kí ẹ̀yin padà sílé bàbá yín."

"Háà!" ni àwọn obìnrin ilé ké. Ṣàngótóyè mi orí. "Ìwé ti sọ̀rọ̀. Ìyàwó wa, ọjọ́ méje ni mo fún ọ."

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó dìde dúró. "Irọ́ ni!"

"Ta lò ń pè ní onírọ́?" ni Ṣàngótóyè bi í.

"Akọ̀wé yìí! Nígbà tó ń dákẹ́ kà á, ojú rẹ̀ ń fò. Nígbà tó lanu, ojú rẹ̀ dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ ka ìwé kan, ẹnu rẹ̀ ka òmíràn!"

Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ṣàngótóyè ní, "Ìwọ tí o kò mọ A!"

"N kò mọ A, ṣùgbọ́n n kò ní jáde. Ẹ wó ilé náà lé mi lórí tí ẹ bá fẹ́!" Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ó ti já lẹ́tà gbà, ó tì í bọ abẹ́ ìró rẹ̀, ó sì forí lé ààfin Baálẹ̀. Gbogbo ẹbí gbá tẹ̀lé e.

Baálẹ̀ gbọ́ tẹnu gbogbo wọn. "Àwẹ̀ró, ọ̀rọ̀ yìí le o. Bí o bá purọ́ mọ́ akọ̀wé, o ó fi ìlú yìí sílẹ̀."

"Mo gbà, Baálẹ̀. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún, ẹ jẹ́ kí n lé tìróò fún un bó ṣe ń kàwé."

Ẹ̀rín ta, ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ní kí akọ̀wé jókòó. Ó kọ́kọ́ fún un ní ìwé tí ajẹ́lẹ̀ fi ránṣẹ́ nípa ọ̀nà títún ṣe. Bí Sámú ti ń kà á ni igi tìróò ń yà. Ó yà sí imú, ó yà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ dàbí ìdí ìkòkò. Àwẹ̀ró nù ún nù, ó mú lẹ́tà jáde. "Ó yá, ka ti ọmọ mi."

Sámú tẹjú mọ́ ibì kan lórí ìwé kí ọ̀rọ̀ tó hun má baà bọ́ lórí rẹ̀, ó sì ń kà á lọ ràì. Igi tìróò lọ pẹ̀lẹ́ lójú ọ̀tún, ó lọ pẹ̀lẹ́ lójú òsì, kò yà rárá. Ojú akọ̀wé gún régé bíi ti ìyàwó tuntun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó wo ẹyinjú rẹ̀.

"Sámú, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ yìí, ṣé orí ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Ẹ̀rù ba Sámú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ojú kiri lórí ìwé, ni ahọ́n rẹ̀ bá lọ́. Àwẹ̀ró gbé igi tìróò sókè. "Ṣé kí n tún un lé ni?" Sámú wólẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé Ṣàngótóyè ti ṣèlérí yàrá iwájú nínú ilé náà fún òun. Baálẹ̀ ní kí ó ka ohun tó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ wá ń fò, gbogbo ènìyàn sì ń wò ó:

"Ìyá mi, ilé yẹn, tiyín ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín jáde. Mò ń bọ̀ nígbà ọdún iṣu."

Ìgbà yẹn ni Àwẹ̀ró tó sunkún. Wọ́n wá Ṣàngótóyè tì, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Baálẹ̀ bi Àwẹ̀ró pé, "Ìwọ obìnrin yìí, ta ló kọ́ ọ níwèé?"

"Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, Baálẹ̀. Ẹnu ni gbogbo yín ń gbọ́. Ojú ni èmi ń wò."

Àwọn àgbà tó wà níjòkòó lọ́jọ́ náà ló gbé gbólóhùn kan kúrò níbẹ̀, tí a ṣì fi ń pòwe títí di òní: ojú lọ̀rọ̀ wà.