Ìdí Tí Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ẹ̀gà Fi Wà Nísàlẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹyẹ kankan kò tíì mọ̀ ọ́n hun, orí imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni Ẹ̀gà àti ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ń sùn.

Ọ̀pẹ wọn wà lẹ́yìnkùlé obìnrin kan tó ń hun ẹní. Ẹ̀gà a máa jókòó wò ó, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ obìnrin náà. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu fa imọ̀ ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kì wọ́n bọ ara wọn, títí ó fi hun odidi ilé kan tó so rọ̀ sára ọ̀pẹ.

Ilé náà rẹwà. Ọnà ara rẹ̀ lọ yípo láìjá, nítorí Ẹ̀gà kò dá ẹnu ọ̀nà kankan sí i. Àwọn ẹyẹ ń wá wò ó láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń mi orí. Orí Ẹ̀gà wú. Bó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́, ṣé tìrẹ ò ní wú?

"Olówó orí mi," ni Àwẹ̀ró wí, "ilé yín dára. Ibo la óò máa gbà wọ̀ ọ́?"

"Wọ̀ ọ́ ṣe kí ni?" ni Ẹ̀gà dáhùn. "Bí a bá jẹun níbẹ̀, èérún á bà á jẹ́. Bí o bá yé ẹyin síbẹ̀, ìhùùhù á kún un. Jẹ́ ká máa wò ó níta báyìí."

 Ìdí imọ̀ ni Àwẹ̀ró yé ẹyin rẹ̀ àkọ́kọ́ sí. Atẹ́gùn fẹ́, ẹyin náà yí, ó já bọ́, ó sì fọ́. Àwẹ̀ró kò sunkún, ó kàn ń wo ilẹ̀. Ó dun Ẹ̀gà náà dọ́kàn, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ ọ́, ló bá lọ ń tún ọnà rẹ̀ ṣe.

Kò pẹ́, òjò ńlá ṣú. Ẹyin mìíràn ti wà nínú Àwẹ̀ró. Ó fò lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àdàbà, aládùúgbò wọn, tí ilé rẹ̀ kò ju igi wọ́rọ́kọ́ mélòó kan lọ.

"Wọlé, ọmọ mi," ni Ìyá Àdàbà wí. "Ilé wa ò gún, àmọ́ ó ń gbà wá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún fún un."

Òjò dé. Ẹ̀gà jókòó ti ilé tirẹ̀, òtútù mú un dé eegun. Ó ń gbọ́ wọn lọ́hùn-ún: ọmọ kan ń ráhùn pé wọ́n tẹ òun mọ́lẹ̀, òmíràn ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Àdàbà ń pa àlọ́ fún wọn. Nínú ilé tirẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Ó wá rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì rẹ́rìn-ín níbẹ̀ rí. Àánú ara rẹ̀ ṣe é.

Ó fò lọ bá wọn. "Àwẹ̀ró, máa bọ̀ nílé."

"Ilé wo?" ni Àwẹ̀ró bi í.

 Ẹ̀gà padà sídìí ilé rẹ̀, ó ń fò yí i ká. Ibi gbogbo tó bá fẹ́ já, ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Níkẹyìn, ó dorí kodò sísàlẹ̀ ilé, níbi tí ọnà kò ti pọ̀, ó di ojú, ó sì fi ẹnu fà á ya.

"Ìyá Àdàbà, ẹ jọ̀ọ́," ni ó ké sí wọn, "gbogbo yín, ẹ máa bọ̀. Òjò ti ń pa yín jù."

Wọ́n fún ara wọn mọ́ inú ilé náà. Omi ara wọn ń kán sórí iṣẹ́ Ẹ̀gà, ọmọ àdàbà kan tilẹ̀ yàgbẹ́ sí i. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró yé ẹyin rẹ̀ sí, kò sì yí lọ síbì kankan.

Nígbà tí òjò dá, tí oòrùn yọ, Àwẹ̀ró gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ wọlé láàárín ìhun, ó ń ya ọnà sí gbogbo wọn lára.

"Olówó orí mi, ẹ wò ó," ni ó wí. "Inú ló ti dára jù."

Ẹ̀gà wò ó títí. Òun tó hun ún kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀gà ti wà nísàlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀gà sì ń hun ilé pọ̀ sórí igi kan ṣoṣo nítòsí àwa èèyàn. Bí wọ́n bá gbé ilé kan gbó, wọ́n a tún òmíràn hun. Ariwo tí ẹ sì ń gbọ́ lórí ọ̀pẹ láràárọ̀ yẹn, ìjà kọ́ o. Wọ́n ń pe ara wọn wọlé ni.