Èyí Tó Wọ Ẹ̀wù àti Èyí Tí Kò Sí Rárá

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ súnmọ́ mi, ẹ tọ́jú ẹ̀rín yín sẹ́nu dè mí, nítorí ìtàn tí mo pa mọ́ fún ilé wa yìí kì í ṣe ìtàn ẹkún.

Ọdẹ́níran, àbúrò ìyàwó mi Ìbídùn, ọdẹ bíi tèmi, wọ Igbó Àfarahàn lọ, kò sì padà. Lẹ́yìn tó lọ ni aya rẹ̀ bí ọmọkùnrin. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, Ìbídùn gbé ìbọn mi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi wá baba ọmọ yìí wálé, kó má baà gba orúkọ bí ọmọ tí kò ní baba."

Ní ẹnu igbó ni mo pàdé iwin kúkúrú kan tí orí rẹ̀ rí bí ìṣasùn, tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní àtẹ́lẹwọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá pàtẹ́wọ́, ó di afọ́jú.

"Ọdẹ onírùngbọ̀n ewúrẹ́, kí lo wá?"

"Àna mi ni mo wá, ìwọ olórí ìṣasùn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò iwin kan ló ń fi ojú ènìyàn ṣeré níbí. Ẹ̀gbọ́n a máa gbé ẹ̀wù ẹlòmíràn wọ ohun tó wà. Àbúrò a máa ya àwòrán síbi tí ohunkóhun kò sí."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀?"

"Bí mo bá sọ ọ́, kí ni n ó máa fi rẹ́rìn-ín?"

N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí Ọdẹ́níran lábẹ́ igi ayùnrẹ́, ó ń jẹ iṣu sísun, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, gbogbo eyín rẹ̀ funfun báláú. Mo sáré, mo ya apá, mo dì mọ́ ọn: afẹ́fẹ́ ni mo dì mọ́, mo sì fi àyà ṣubú sínú wèrèpè. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo jó ijó tí ẹnikẹ́ni kò lùlù fún! Inú iwin náà dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́, ó fọ́jú, ó sì forí sọ igi. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Bí mo ṣe ń họra dé etí odò ni mo rí ẹfọ̀n ńlá kan tó tẹrí mu omi. Mo gbé ìbọn. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ọdẹ wa ni pé ohun tí a kò bá tíì rí ipasẹ̀ rẹ̀, a ó kọ́kọ́ súfèé ẹgbẹ́ sí i, nítorí ẹranko kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo súfèé. Ẹfọ̀n gbórí sókè, ó súfèé padà! Ìdáhùn náà pé, àfi pé afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde nínú rẹ̀, fíì, bíi ti Ọdẹ́níran látìgbà tí àgbò ti kàn án lẹ́nu tí eyín iwájú rẹ̀ ká. Ìgbà náà ni mo rántí pé eyín ẹni abẹ́ igi pé. Inú ọkàn mi ni àbúrò tí olórí ìṣasùn sọ ti wo àwòrán rẹ̀ yà, bí mo ṣe máa ń fẹ́ láti rántí rẹ̀.

"Ọdẹ́níran!" mo pariwo. Bó ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀, àwọ̀ ẹfọ̀n bọ́ lára rẹ̀ bí ẹ̀wù.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀yin mà ni! Ẹkùn ni mò ń rí! Gbogbo ẹni tó ń wá mi ni mò ń rí bí ẹkùn, tí mò ń sá fún."

"Kí ló dé tí o kò sá fún èmi?"

"N kò rí ẹkùn tó ń họra báyìí rí."

Omi ìsọmọlórúkọ ti wà nínú àwo nígbà tí a wọlé. Ìbídùn dì mọ́ àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo àyà mi. "Ọkọ mi, ta ló họ yín báyìí?"

"Àbúrò rẹ tí kò sí níbẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ojú yín bá rí ohun tí ọkàn yín ń wá, ẹ fi ọ̀pá kàn án wò kí ẹ tó ya apá. Bó bá sì rí ohun tó dẹ́rù bà yín, ẹ súfèé kí ẹ tó yìnbọn, nítorí èkínní lè má sí rárá, èkejì sì lè jẹ́ ará ilé yín.

A sọ ọmọ náà ní Ọdẹ́bọ̀dé. Ó la ẹnu, ó ké. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n wo Ọdẹ́níran, wọ́n ní, "Kò sí àní-àní, baba rẹ̀ ló jọ: eyín iwájú kò sí lẹ́nu àwọn méjèèjì."