Orin Tí Òjòlá Lé

Àlọ́ mi ń bọ̀ lábẹ́ òṣùpá o. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ní kó máa bọ̀. Bí mo bá ti lé orin, "Àwa ni" ni kí ẹ máa gbè.

Àlọ́ mi dá lórí Òjòlá, ejò ńlá tí í gbé ẹran mì láì rún un lẹ́nu. Lọ́dún kan, òjò rọ̀ títí omi fi kún ihò gbogbo ẹran kéékèèké. Òjòlá ò lé ẹnikẹ́ni. Ó kàn la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ àpáta, ọ̀fun rẹ̀ dà bí ihò gbígbẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láti inú ọ̀fun náà ló ti ń kọrin jẹ́jẹ́:

Ta ni òjò ń pa?
Àwa ni.
Ta ni kò rílé sùn?
Àwa ni.
Ta ni yóò sùn nínú mi?
Àwa ni.

Ehoro wọlé, ó ń gbè é. Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, ó ń gbè é. Ọ̀yà náà wọlé tòun ti orin lẹ́nu. Òkété nìkan ni kò lè gbè é, torí ekùrọ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti lè kọrin, ó gbọ́ orin. Ó gbọ́ ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, ó rọra fà sẹ́yìn.

Òjòlá pa ẹnu dé. Igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Òkété ṣì ń gbọ́ wọn nínú ikùn Òjòlá: "Àwa ni, àwa ni."

Ibi tí àlọ́ mi já sí nìyí: ẹni tó bá fi òótọ́ méjì ṣíwájú, ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹ̀kẹta.

Ìbídùn, má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bi yín pé ta ni yóò sùn nínú mi, kí lo wí?